Àárọ̀ Tí Lọ́yà Kò Gbọdọ̀ Jẹun

Màmá Ṣíbí fi àtàǹpàkò nu igun ẹnu ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, wẹ́rẹ́, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, bí ẹni ń nu eruku lójú dígí. Ó wo àtàǹpàkò ọ̀hún. Ó fi í nu etí ìró rẹ̀ níbi tí aṣọ ti ká po, kó tó gbójú sókè, tó wá rí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó lọ yá lọ́wọ́.

"Itọ́ ni," ló wí. "Bí ìwọ náà ṣe máa ń da á lójú oorun nìyẹn. Ìrọ̀rí kan kì í gbẹ nílé mi."

"Màmá, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ ìtàn mi láàárọ̀ kùtùkùtù."

"Ṣé irọ́ ni mo pa ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọmọbìnrin rẹ̀ sí èjìká. Ọmọ náà gbórí lé e, kò sọ̀rọ̀. Ó rò pé oorun ni.

Fọganáísà ni ọkùnrin yìí, ẹni tó ń lẹ táyà tó jò ní oríta, lábẹ́ páànù kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbòòrò. Tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá ti kígbe, àwọn ará àdúgbò á mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ náà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ni pé kì í purọ́. Tí táyà bá ti kú, á sọ fún ẹni tó ni ín pé ó ti kú. "Ẹ lọ sin ín, ẹ̀gbọ́n," ni yóò wí, á sì yí i padà sí onítọ̀hún lẹ́sẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ọpẹ́lọpẹ́ pé kì í ṣe dókítà, ì bá ti fi òótọ́ pa ìdajì ìlú.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ìyá náà ti ṣe alásè nílé ìwé àwọn ọmọ tó ń gbé inú ọgbà, láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́ títí irun fi funfun lórí rẹ̀. Ṣíbí onírin kan kì í kúrò nínú àpò rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Màmá Ṣíbí. Ó ń fi í tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ń fi í gbá ọmọ tó bá fẹ́ ṣàgbà lórí, á sì tún fi í bọ́ èyí tí ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kó ẹrù jáde, àwọn ẹbí ní kí wọ́n sọ fún ọmọdékùnrin náà pé bàbá rìnrìn àjò. Màmá Ṣíbí kọ̀. Ó jókòó tì í nílé ìdáná, ó ní: "Bàbá rẹ ti lọ. Kò fẹ́ padà wá, kò sì béèrè ẹ. Jẹun." Ọmọ náà jẹun. Láti ọjọ́ náà, tí ìyá rẹ̀ bá ní òjò máa rọ̀, á ti sáré lọ ká aṣọ kó tó wojú ọ̀run.

Òun náà wá bí ọmọ, kan ṣoṣo, obìnrin. Kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ti sọ ọ́ ní Lọ́yà, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níwájú rẹ̀ tí kò ní bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú.

Ọ̀fun ló kọ́kọ́ mú Lọ́yà. Oúnjẹ á dúró sí agbedeméjì àyà, kò ní lọ sísàlẹ̀, kò ní wá sókè. Ọmọ á máa fọwọ́ lu àyà, omijé á máa dà, nígbà tó bá yá á bì í bó ṣe gbé e mì. Aṣọ ilé ìwé tó ṣe rẹ́gí lára rẹ̀ wá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bíi ti ẹni tó yá a wọ̀. Dókítà àwọn ọmọdé fún un lóògùn títí, ó rẹ òun náà. Ó ní àfi káwọn fi kámẹ́rà wọ inú ọ̀fun lọ títí dé àpòlúkù, káwọn sì mú ẹran ara bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ń kárí ilé ìwòsàn púpọ̀ ni, ẹni tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó fún ọmọdé kò ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo ìgbà òjò ni wọ́n fi dúró kí ó tó kàn wọ́n.

Nọ́ọ̀sì kan, obìnrin kúkúrú tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ló jókòó ti fọganáísà ṣàlàyé.

"Dádì, ẹ gbọ́ mi. Kò ní mọ nǹkan kan. Wọ́n á fi ìbòmú bò ó, á mí oògùn oorun símú. Ẹ̀yin lẹ máa dì í lọ́wọ́ mú títí á fi sùn. Ojú ẹ̀ lè yí, ara ẹ̀ lè ta pìtì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má kígbe o, nítorí àwọn òbí ló máa ń dà wá láàmú jù, kì í ṣe ọmọ. Tó bá ti sùn, ẹ jáde. Kì í pẹ́. Tó bá jí, ọ̀fun á máa ta á, á sì máa gùnfẹ̀ ṣáá, torí wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ síkùn ẹ̀ kí wọ́n lè ríran dáadáa. Ó tiẹ̀ lè bínú sí yín."

"Afẹ́fẹ́? Ẹ bá wọn sọ pé kí wọ́n má fẹ́ ẹ jù o. Mo mọ ohun tójú táyà ń rí."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tètè pa ẹ̀rín náà dé.

"Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú gírígírí ni oúnjẹ. Tó bá ti jẹ oúnjẹ alẹ́, ó parí. Kò sí mílíìkì, kò sí bisikíìtì. Omi lásán nìkan, òun náà ò ní kọjá ìgbà tí mo bá ní kẹ́ ẹ dá a dúró. Tí oúnjẹ bá wà nínú ẹ̀ tó sì ti sùn, ó lè gòkè wá gba ibi tó ń gbà mí wọlé. Ọmọ yín tún yàtọ̀. Oúnjẹ kì í tètè kúrò ní ọ̀nà ọ̀fun tiẹ̀. Ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́."

Ìyá rẹ̀ jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà. Òun náà ní òun gbọ́.

Nílé, fọganáísà mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ìdí iṣẹ́ wá, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó so tọ́ọ̀ṣì kékeré mọ́ ẹnu rẹ̀. Ọmọlangidi aláṣọ tí Lọ́yà fẹ́ràn ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì.

"Báyìí ni wọ́n á ṣe ṣe é. Ọmọlangidi á sùn fọnfọn. Rọ́bà yìí á gba ẹnu ẹ̀ wọlé. Iná á máa tàn, kámẹ́rà á máa wo inú."

"Ṣé ó máa dùn mí?"

"Tó o bá jí, ọ̀fun ẹ máa dùn ẹ́ díẹ̀."

"Díẹ̀ bíi báwo?"

"Bíi ìgbà tó o bá pariwo jù nídìí eré."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Nọ́ọ̀sì ló sọ. Èmi ò ṣe é rí."

Lọ́yà ro ó wò. Ó fọwọ́ pa ikùn ọmọlangidi. "Ebi ńkọ́?"

"Ebi máa pa ẹ́. Ó máa pa ẹ́ gan-an ni."

"Kí la máa wá ṣe sí i?"

"A ò ní ṣe nǹkan kan sí i. A jọ máa jẹ́ kó pa wá ni. Èmi náà ò ní jẹun títí wọ́n á fi ṣe é tán."

Ọmọ náà na ọwọ́ jáde bí àgbàlagbà. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ òwú ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ àárọ̀ ló sì ní lọ́jọ́ àyẹ̀wò náà, ọ̀gá rẹ̀ kò sì fún un láàyè ọjọ́ yẹn. Ó ń ká aṣọ nígbà tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kò wojú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Lọ́yà, ta ló máa wà lọ́dọ̀ ẹ̀ tẹ́ ẹ bá lọ gba ọkọ̀?"

"Màmá. Ó máa wá sùn sílé."

"Ẹ bá mi wá ẹlòmíràn."

"Kí ni Màmá ṣe?"

"Màmá ò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n. Kò lè rí ọmọ tí ebi ń pa kó mú un mọ́ra."

"Màmá gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, ó ní òun gbọ́. Ṣé o ti rí i kí Màmá sọ̀rọ̀ kan kó wá ṣe òmíràn? Mo dúró fún un."

Ìyàwó náà ká ẹ̀wù kan, ó tú u, ó tún un ká. "Ó dáa," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ dúró fún un."

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyí nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ikùn fọganáísà ń kùn bí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé Lọ́yà sórí ìwọ̀n. Wọ́n so ike pẹlẹbẹ kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, wọ́n fi ìpara tó ń pa ìrora kùn ún lẹ́yìn ọwọ́, wọ́n wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù tó ṣí lẹ́yìn. Ó gbà á gbogbo láìbéèrè nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì kúkúrú náà wá dúró síwájú wọn.

"Kí ló jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Kò jẹ nǹkan kan," fọganáísà fèsì.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀?"

"Ìyá mi."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Màmá Ṣíbí. "Màmá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Omi ló mu." Màmá Ṣíbí tún gèlè ṣe. "Ọmọ tí mo ti fún lóúnjẹ láyé yìí, tí wọ́n bá tò, wọ́n á jáde ní géètì yín. Ṣé èmi ni mi ò ní mọ ìyàtọ̀ omi sí oúnjẹ?"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Fọganáísà náà rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá ojú ọmọ rẹ̀ dọ́gba, nítorí bó ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́ nìyẹn: tó bá lẹ táyà tán, á tún un rì sómi lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Lọ́yà, o jẹ nǹkan?"

Ọmọ náà wò ó lójú kòró. Ojú rẹ̀ mọ́ gaara.

"Rárá, Dádì."

Ó dìde. "Kò jẹ nǹkan kan," ló sọ fún nọ́ọ̀sì. "Mo fọwọ́ sọ̀yà." Ó sì bu ọwọ́ lu ìwé tí nọ́ọ̀sì nà sí i.

Yàrá tí wọ́n wọ̀ tutù. Ẹ̀rọ kan ń ké pín-ín, pín-ín, nígun kan, rọ́bà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì wà lórí ìkọ́, ó rọ̀ dirodiro, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tó fi dán an wò nílé lọ. Ó fi í han Lọ́yà. Lọ́yà kò wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ló dì mú, ó sì dì í le.

"Dádì."

"Mo wà níbí."

"Ṣé ẹ ò tíì jẹun lóòótọ́?"

"Mi ò tíì fi nǹkan kan kanu. Ṣebí a ti jọ bọwọ́ lórí ẹ̀."

Ọmọ náà la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìbòmú náà bò ó. Dókítà tó ń fún wọn lóògùn oorun ní kó mí dáadáa, kó ṣe bí ẹni ń fẹ́ iná. Ojú rẹ̀ yí bí wọ́n ṣe sọ pé yóò yí, ara rẹ̀ ta pìtì lẹ́ẹ̀kan, ìka rẹ̀ sì tú kúrò lára ti bàbá rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọganáísà kò kígbe. Wọ́n ní ó káre, kó máa lọ síta.

Kò tíì jókòó nígbà tí ìró ẹ̀rọ náà yí padà. Ohùn mẹ́ta sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú yàrá. Ẹnì kan ní kí wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́. Nǹkan kan ń fa omi, ó ń dún bí ẹni ń fi páìpù mu ìsàlẹ̀ ìgò. Nọ́ọ̀sì kúkúrú náà já jáde, ó sáré kọjá, ó sáré padà pẹ̀lú ìgò kan, kò wojú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí dókítà tó fẹ́ lo kámẹ́rà náà jáde, ó gbé abọ́ onírin kékeré kan dání. Ó yọ ìbòmú rẹ̀ sísàlẹ̀ àgbọ̀n.

"Ó ń mí. Ẹ fi ọkàn balẹ̀ díẹ̀, ó ń mí. Kí ló jẹ?"

"Kò jẹ nǹkan kan, Dókítà."

Dókítà gbé abọ́ náà sún mọ́ ọn. Búrẹ́dì ni. Ó rin gbindin nínú mílíìkì, èèpo pupa rẹ̀ ṣì hàn létí kan.

"Ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ ló dúró sí," ni dókítà wí. "Ó ti fẹ́ gba ibòmíràn lọ. A ti fa gbogbo ẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n a ò mọ̀ bóyá díẹ̀ ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó máa sùn lọ́dọ̀ wa ká lè máa ṣọ́ ọ. A ò ṣe àyẹ̀wò kankan. Mi ò tíì ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lẹ́nu rárá."

"Ìgbà wo lẹ máa wá ṣe é?"

"Àfi kẹ́ ẹ padà sẹ́yìn ìlà. A bi yín, Dádì. Ẹ fọwọ́ sọ̀yà."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú.

Màmá Ṣíbí wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì, ó káwọ́ lérí àpò rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ dúró síwájú rẹ̀. Kò jókòó.

"Búrẹ́dì, Màmá."

"Ó kéré, kò tó nǹkan," ló wí. "Mo rẹ ẹ́ kó lè rọ̀. Ọmọ jí, ó ní 'Màmá, ebi ń pa mí,' ó wá ń wò mí. O ò rí bó ṣe ń wò mí. Ọmọ tó ti rù tó báyẹn! Mo rò pé á ti lọ sísàlẹ̀ ká tó débí."

"Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé omi ni."

"Kí lo fẹ́ kí n sọ fún un, lójú gbogbo èèyàn?"

"Èmi ńkọ́? Inú ọkọ̀ ńkọ́? Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀."

Màmá Ṣíbí wò ó bí ẹni tí wọ́n béèrè ohun tí kò nítumọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ?" ló wí. "Ìwọ kọ́ lọmọ mi ni? Tí mo bá sọ fún ẹ, wàá sọ fún wọn. Ìwọ kì í lè pa nǹkan mọ́ra."

Gbogbo ohun tí obìnrin yìí ti sọ fún un láti kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í tò kọjá lọ́kàn fọganáísà: ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, ẹni tí wọ́n ní kò béèrè òun; ọ̀rọ̀ àbúrò kan tí ìyá rẹ̀ ní ó kú kí òun tó gbọ́n; àwọn òjò. Kò bi í ní ọ̀kankan. Ó yà á lẹ́nu pé ẹ̀rù ń ba òun láti bi í.

Lọ́yà jí lọ́sàn-án, ó ń sunkún, ohùn rẹ̀ há. Ó bínú sí ìbòmú, ó bínú sí ike ọwọ́ rẹ̀, ó bínú sí ọmọlangidi. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, bàbá rẹ̀ fi ṣíbí ike fún un lómi bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ.

"Ṣé kámẹ́rà ti wò mí?"

"Rárá."

"Kí ló dé?"

"Búrẹ́dì wà lọ́nà."

Ọmọ náà yíjú sí ògiri. Nígbà tó yá, ó ní: "Màmá ní tí mo bá sọ fún yín, ẹ máa sunkún."

"Mi ò sunkún."

"Mo fẹ́ sọ ọ́ níbẹ̀. Wọ́n wá bò mí lẹ́nu."

Fọganáísà fa aṣọ bò ó títí dé àgbọ̀n. Ó ń rántí bí ojú rẹ̀ ṣe mọ́ gaara nígbà tó ní rárá. Kò wo ilẹ̀, kò ṣẹ́jú. Òun ti kọ́ ọmọ náà ní gbogbo nǹkan nípa rọ́bà àti iná, àárọ̀ kan ṣoṣo sì ni ẹlòmíràn fi kọ́ ọ ní èyí, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe ju bó ṣe mọ àwọn yòókù lọ.

Màmá Ṣíbí wọlé wá jókòó sí apá kejì ibùsùn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìyàwó fọganáísà ti ilẹ̀kùn wọlé, tààrà láti ibi iṣẹ́, òwú funfun ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ó ti gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì kó tó wọlé. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ rẹ̀, ó gbọ́ bó ṣe ń mí, ó wá gbé orí sókè.

"Ta ló fún un lóúnjẹ?"

Fọganáísà wo ìyá rẹ̀. Kò fẹ́ bá a sọ ọ́. Ó fẹ́ kí ìyá náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ó sì dá a lójú pé yóò sọ ọ́, nítorí ìyá tó mọ̀ kì í sá fún ọ̀rọ̀.

"Ìyàwó mi, má bínú," Màmá Ṣíbí wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ọkọ ẹ ló ní díẹ̀ ò lè ṣe nǹkan. Kó tó lọ gba ọkọ̀ ló sọ ọ́. Mo tiẹ̀ ní kó jẹ́ ká fi sílẹ̀."

Lọ́yà ṣí ojú. Ó wo ìyá àgbà, ó wo bàbá rẹ̀.

"Bàbá Lọ́yà," ìyàwó rẹ̀ pè é jẹ́ẹ́. "Ẹ̀yin?"

Ọkùnrin náà ṣì di ife omi mú. Ó wo ojú ìyá rẹ̀ fún ìgbà tó gùn, ojú náà kò sì yẹ̀; ojú kan náà ló fi sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún un nílé ìdáná. Ó gbé ife náà lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó fi ṣíbí ike sínú rẹ̀.

"Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa mu ún," ló wí. "Tó bá gùnfẹ̀, dúró ná."

"Mo bi yín ní nǹkan, Bàbá Lọ́yà!"

Ó ti kọjá ẹsẹ̀ ibùsùn. Ó rọra ti ilẹ̀kùn padà kó má baà dún, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ó kọjá níwájú nọ́ọ̀sì kúkúrú tó gbé orí sókè láti kí i, ó gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀, ó jáde sínú oòrùn, ó ń lọ.